Owó Tí Ó Pọ̀ Jù Nínú Eré

Kò sí eré tí kò ní òfin tirẹ̀. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì ń kó sí inú ihò kọ̀ọ̀kan; gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 48. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà títí dé òpin rẹ̀, iye yìí kì í lé, kì í sì í dín. Ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tayò bá jẹ, ìpín ẹnì kejì ni ó ti bù ú. Nítorí èyí, a kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ ayò ti pọ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi níyì mọ́.

Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ràn, èyí tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Eré inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo ń wí, tí ẹ̀yin ọmọ mi ń pè ní géèmù. Àwa tí ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko kò ní láti jìnnà kí a tó rí i, nítorí pé ọjà ńlá Àlàbà, tí ó lókìkí káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà fún títa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wà ní àárín wa. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin a máa fi ẹ̀rọ náà gbá bọ́ọ̀lù ni. Èmi kò ní ohun kan í sọ nípa bọ́ọ̀lù lónìí. Irú eré tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni èyí tí olúkúlùkù ti ń di akọni nínú ayé àròsọ. Akọni yìí yóò wọ igbó tí ó kún fún iwin àti ẹbọra, irú igbó tí àwọn ọdẹ inú ìwé D. O. Fágúnwà ń wọ̀. Yóò bá wọn jà. Bí ó bá sì pa ọ̀kan, owó wúrà yóò bọ́ sílẹ̀ lára ẹbọra náà, akọni yóò sì ṣà á sí àpò. Owó yìí ni yóò fi ra idà, asà, ẹṣin àti àgbo tí ń wo ọgbẹ́ sàn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó so àwọn tí ń ṣe eré náà pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Ìbà fi lè ta idà fún ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò fojú rí rí. Ọjà nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ni wọ́n ná an. Ibi tí ọjà bá sì wà, ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀ kò ní ṣàìsí níbẹ̀.

Níbo ni owó inú eré yìí ti ń wá? Ẹ fi ara balẹ̀ wo ìbéèrè náà dáadáa. Bí ìyá kan bá ta gàrí ní ọjà Ìbà tí ó sì gba owó, ọwọ́ ẹni tí ó ra gàrí ni owó náà ti wá. Ó ṣí kúrò níbì kan bọ́ sí ibòmíràn ni. Ẹbọra tí a pa nínú eré kò ní àpò. Kò gba owó tí ó bọ́ lára rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Bí ẹbọra kan bá sì kú, òmíràn yóò hù ní ipò rẹ̀ láìpẹ́, tòun ti owó tirẹ̀.

Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ń ṣe eré kan, tí olúkúlùkù sì ń rí owó wúrà 50 lójúmọ́. Owó tuntun 5,000 ni ó ń wọ inú ayé wọn lójoojúmọ́ nìyẹn. Ká tún ní 1,000 péré ni àwọn ilé ìtajà tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbà padà lọ́wọ́ wọn fún àgbo àti fún àtúnṣe idà, tí ẹ̀rọ sì ń pa á rẹ́. 4,000 ni yóò ṣẹ́kù lójúmọ́. Nígbà tí oṣù kan bá fi pé, 120,000 ti kún ìlú. Àwọn idà tí ó dára kò pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà idà tí wọ́n ń tà fún ara wọn ní 200 ní ọjọ́ kìíní yóò di 1,000, yóò sì di 3,000. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní bìkítà, nítorí pé owó kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn náà dùn ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. 50 ni òun náà ń rí lójúmọ́. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ra idà. Òun yóò ṣiṣẹ́ fún 60 ọjọ́ kí ó tó ra irú rẹ̀. Bí ó bá ṣe ọ̀sẹ̀ kan tí kò rí idà rà, yóò pa ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì lọ. Bí àwọn tuntun bá ń lọ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò rọ́pò wọn, eré náà kú nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní ẹ̀bá títì Èkó sí Àgbádárìgì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà òjò bí ìdọ̀tí bá dí gọ́tà. Kì í ṣe pé òjò náà burú. A kò lè ṣe láìsí òjò. Ibi tí omi ìbá gbà lọ ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó inú eré rí. Ẹ̀rọ omi kan wà tí owó ń gbà wọlé, ó sì yẹ kí gọ́tà kan wà tí yóò gbà jáde. Gbogbo iṣẹ́ àwọn tí ń tún ètò ọrọ̀ ajé inú eré ṣe kò ju kí wọ́n wo bí ẹ̀rọ omi náà ti ń yọ tó àti bí gọ́tà náà ti fẹ̀ tó. Ẹnu ni ó rọrùn láti fi sọ ọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣe é bí ayò. Nígbà tí eré Ultima Online jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997, àwọn tí ó ṣe é ti kọ́kọ́ pinnu pé iye ohun ìní inú ayé náà yóò ní òṣùwọ̀n: bí irin tàbí awọ bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, òmíràn kò ní hù nínú igbó títí èyí tí ó wà nílẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Ìmọ̀ràn náà dára lójú ìwé. Ohun tí wọn kò rò ni pé ènìyàn a máa kó nǹkan jọ. Àwọn olùṣeré kó ẹ̀wù àti idà jọ sí ilé wọn láìlò wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀kan bàjẹ́. Inú igbó wá ṣófo, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò rí ohunkóhun mú. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n pa òfin náà tì, wọ́n sì ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Nínú ayò, ọ̀tayò kò lè gbé ọmọ ayò lọ sí ilé kí ó lọ fi pamọ́ sí abẹ́ ibùsùn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìṣeré lásán ni mo ń sọ. Omi ọ̀sà tí ó ṣàn kọjá ní Ọ̀jọ́, láàárín Àgbádárìgì àti Èkó, ti rí irú ìkún-omi yìí rí, àwọn baba ńlá wa sì wà nínú rẹ̀.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ 20,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ìtumọ̀ ọ̀kẹ́, nítorí pé ìwọ̀n ẹrù tí alárù kan lè rù nìyẹn. Títí di òní olónìí, ẹni tí ó bá ka iye ní ìlànà àtijọ́ kò lè ṣàìdárúkọ ọ̀kẹ́. Erékùṣù Maldives nínú òkun Índíà ni ẹyọ kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ń ná ti wá. Ó dunni láti rántí pé púpọ̀ nínú èyí tí ó wọlé ní àwọn ọ̀rúndún àtijọ́ ni wọ́n fi ra ènìyàn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sì rọrùn fún oníṣòwò kékeré láti lọ kó o, nítorí náà ìwọ̀n kan wà fún un.

Ní nǹkan bí 1845 ni ọ̀ràn yí padà. Àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì rí i pé irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ, pọ̀ ní Zanzibar àti ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á níbẹ̀. Wọ́n kún ọkọ̀ òkun fún un, wọ́n gbé e wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ń ra epo pupa. Ẹ wo èrè tí ó wà nínú èyí! Ẹni tí ó bá ti ní ọkọ̀ òkun kan ti di ẹni tí ó lè ṣe owó fúnra rẹ̀. Láàárín 1851 àti 1869, ẹyọ tí ilé iṣẹ́ àwọn Òyìnbó márùn-ún kó wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lé ní bílíọ̀nù 14.

Ẹ̀rọ omi ti ṣí gbayawu báyìí, gọ́tà ńkọ́? Ẹyọ kì í jẹrà, iná kì í tètè jó o, ẹnikẹ́ni kì í sì í jẹ ẹ́. Àwọn tí ó kó o wá kò ní gbà á padà ní ìlú wọn. Lóòótọ́ ni a ń rán díẹ̀ mọ́ aṣọ àti àpò, tí àwọn adáhunṣe ń lo mẹ́rìndínlógún, tí a sì ń fi díẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ojúbọ; ṣùgbọ́n kí ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo ń já sílẹ̀? Ọjà gbówó lórí láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀kẹ́ kan ránṣẹ́ sí ìlú òkè ní láti gba alárù, bí iye ẹyọ sì ti ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ alárù náà ń jẹ inú ọ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó yá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti gba Èkó ní 1861, fi owó fàdákà kún ilẹ̀, ní 1904 ó sì fi òfin de kíkó ẹyọ wọlé. Wọn kò pe àwọn tí ẹyọ wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n kó o wá gba fàdákà. Ìyá arúgbó tí ó ti fi ogún ọdún kó owó rẹ̀ sínú ìkòkò tí ó rì mọ́lẹ̀ lè wú u kí ó sì kà á: kò sí ẹyọ kan tí ó dín. Ohun tí ó lè rà ni ó ti dín.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ṣe eré fi sàn ju àwọn ìjọba ayé ìgbà náà lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ iye ẹyọ tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú eré, ẹ̀rọ mọ gbogbo owó dé orí ẹyọ kan, ó sì mọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Iceland, tí ó ṣe EVE Online, tilẹ̀ gba ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, Eyjólfur Guðmundsson, sí iṣẹ́ ní 2007, kí ó máa ṣọ́ ọjà inú eré náà bí wọ́n ti ń ṣọ́ ọjà orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, kí a mọ iye omi kò túmọ̀ sí pé a mọ ilé ẹni tí yóò gbà kọjá.

Ọ̀nà kan ni kí a dín ohun tí ń wọlé kù. Kí ẹbọra tí ń mú 50 wá máa mú 10 wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wọn, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí ó ti kó tiwọn jọ nígbà tí owó ń ya wọlé kò ní pàdánù ohun kan. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò máa fi agbára mẹ́ta pa ẹbọra fún owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí gọ́tà fẹ̀ sí i. Bí a bá bu owó àtúnṣe idà lé gbogbo ènìyàn ní iye kan náà, tálákà ni yóò dùn jù. Bí a bá gba ìdá díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ̀ ni yóò san púpọ̀. Bí a bá sì ta aṣọ aláràbarà tàbí ààfin ńlá fún àwọn ọlọ́rọ̀, tí kò fún wọn ní agbára kankan ju fáàrí lọ, wọn yóò fi ẹ̀rín-ẹ̀rín da owó wọn sínú gọ́tà. Ẹni tí ó bá ti lọ sí òde ìnáwó ní Èkó kò ní jiyàn èyí pẹ̀lú mi.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti ọjà pa pátápátá. Eré Diablo III jáde ní oṣù karùn-ún 2012 pẹ̀lú ọjà gbàǹjo nínú rẹ̀, níbi tí àwọn olùṣeré ti lè ta ohun ìjà fún ara wọn, kódà fún owó gidi. Wúrà pọ̀ níbẹ̀ títí ó fi dà bí iyanrìn. Ní oṣù karùn-ún 2013 àṣìṣe kan nínú ẹ̀rọ tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn kan sọ wúrà wọn di ìlọ́po-ìlọ́po. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ènìyàn kò bá ẹbọra jà mọ́. Wọ́n jókòó sí ìsọ̀, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2014, ilé iṣẹ́ Blizzard ti ọjà gbàǹjo náà pa.

Ìyípadà òjijì a máa ní ìrora tirẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti rí èyí tí kì í ṣe ti eré. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000, nítorí pé owó tí ó wà níta ju ti inú báńkì lọ jìnnà. Gọ́tà náà fẹ̀, ó sì yá kánkán, ṣùgbọ́n owó tuntun tí ó yẹ kí ó rọ́pò kò tó. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì 2023, ẹni tí owó rẹ̀ wà ní báńkì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí á ṣì máa ná owó àtijọ́.

Eré tí ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ jù lójú tèmi ni RuneScape, tí ilé iṣẹ́ Jagex ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2001. Àwọn ènìyànkénìyàn sọ títa wúrà inú eré náà fún owó gidi di iṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń fi káàdì ìsanwó olóólè wọlé. Láti oṣù kejìlá 2007 wọ oṣù kìíní 2008, Jagex fi òfin de pàṣípààrọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọwọ́ ba àwọn olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò lè fún àbúrò ní idà mọ́, ọ̀rẹ́ kò lè ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ìbínú sì pọ̀ láàárín àwọn olùṣeré. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó gbà kí Jagex tó bi wọ́n léèrè èrò wọn. Ìbò tí wọ́n dì lé ní mílíọ̀nù kan. 91 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé kí wọ́n dá ọjà òmìnira padà, wọ́n sì dá a padà ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2011.

Nígbà tí ó di nǹkan bí 2017, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀. Owó ilẹ̀ Venezuela ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí owó oṣù kò fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kan jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pa dírágónì inú Old School RuneScape láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, wọ́n ń ta wúrà tí wọ́n rí fún dọ́là, wọ́n sì ń fi dọ́là náà ra oúnjẹ fún ilé wọn. Ẹ wo ìyanu: wúrà tí kò sí, tí a kò lè fọwọ́ kàn, níye lórí ju owó tí ìjọba tẹ̀ lọ. Òfin eré náà lòdì sí ohun tí wọ́n ń ṣe, àwọn olùṣeré kan sì kórìíra wọn nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣọdẹ wọn kiri nínú eré. Òótọ́ ni pé wúrà tí wọ́n ń wà jáde láti òwúrọ̀ di alẹ́ ń kún ọjà. Òótọ́ sì ni pé ebi ń pa wọ́n. Ẹni tí ó bá jókòó ní Cambridge tí ó fẹ́ dín iye awọ dírágónì kù lẹ́ẹ̀kan ní láti mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kan wà ní òpin ìṣirò náà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 2021, Jagex gbé gọ́tà tuntun kalẹ̀ nínú Old School RuneScape. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà nígbà náà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ta nǹkan ní ọjà gbogbogbòò inú eré. Apá kan nínú owó náà ni wọ́n ń fi ra àwọn ohun ìjà tí ó ti pọ̀ jù nílẹ̀, tí wọ́n sì ń pa wọ́n rẹ́, kí iye wọn má baà wó mọ́ àwọn tí ó fi òógùn rí wọn lórí. Ọjà tí kò bá tó 100 wúrà kò san nǹkan kan nígbà náà. Wọ́n sì yọ àwọn irinṣẹ́ tí ẹni tuntun kò lè ṣe láìní sílẹ̀ kúrò nínú owó ibodè náà, kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú igbó lónìí lè ra òòlù ní iye tí gbogbo ènìyàn ti ń rà á.